Pẹ̀lẹ́ Ọba Òyìnbó àti "Mo Jẹ̀bi" Tá À Tíì Gbọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn èèyàn wa sọ ní gbọ̀ngàn kan ní Peckham, London, lálẹ́ Sátidé rèé. Àwọn tí ò ráàyè wá ní kí n tẹ̀ ẹ́ síta, mo ti tẹ̀ ẹ́, mo sì fi ìbéèrè tí wọ́n jù lù mí sí i níbi tí kálukú ti jù ú, torí ibẹ̀ ló dùn jù.

Ẹ káalẹ́ o. Ẹ̀yin àgbà, mo júbà. Ẹ̀yin màmá wa tẹ́ ẹ gbé mọ́ínmọ́ín wá, Ọlọ́run á dá a padà fún yín. Ẹ̀yin ọmọ tí wọ́n fipá wọ́ wá síbí, mo rí yín lẹ́yìn lọ́hùn-ún, mi ò ní pẹ́ púpọ̀.

Ọdún tí mo kọ́kọ́ dé ìlú yìí, mo dúró níbi tí wọ́n ti ń wọ bọ́ọ̀sì lọ́jọ́ kan, ìyá òyìnbó kan ń sọ̀ kalẹ̀ ni báàgì ẹ̀ bá já, pòtétò dà káàkiri títì. Èmi náà bí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé, mo ní "sorry ma", mo bẹ̀rẹ̀, mò ń bá a ṣà á. Ìyá yìí gbójú sókè, ó wò mí tìyanutìyanu, ó ní kí ló dé tí mo fi ń bẹ òun, ṣé èmi ni mo já báàgì òun ni? Mi ò mọ ohun tí mo fẹ́ dá a lóhùn.

Ẹ wò ó, pẹ̀lẹ́ ni mò ń sọ lọ́kàn mi. Pẹ̀lẹ́ ò ní ẹjọ́ nínú. Ẹsẹ̀ ẹ kọ lójú ọ̀nà, pẹ̀lẹ́. NEPA múná lọ nígbà tó ò tíì lọ aṣọ tán, pẹ̀lẹ́. A máa ń sọ ọ́ fún ẹni tá ò ṣe ní nǹkan kan, ká ṣáà lè bá a gbé díẹ̀ nínú ẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n kọ́ wa nílé ìwé la wá lọ fi pẹ̀lẹ́ wa wọ̀, òyìnbó ò sì mọ̀. Lẹ́nu tiwọn, "sorry" ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìjẹ́wọ́, tí mọ́tò bá kọ lu mọ́tò, ẹni tó bá kọ́kọ́ sọ ọ́, àwọn ìnṣọ́ránsì lè fi mú un nìyẹn.

Ohun tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín láti ìgbà yẹn ni pé tó bá ti kan àwa aláwọ̀ dúdú, àwọn ọba wọn mọ pẹ̀lẹ́ í sọ gan-an. Pẹ̀lẹ́ tiwa yẹn gan-an o, èyí tí ò ní ẹjọ́ nínú.

Ní ìparí October 2023, King Charles lọ sí Kenya. Níbi àsè tí wọ́n ṣe fún un ní Nairobi, ó dìde, ó ní ìwà ipá tí wọ́n hù sáwọn ará Kenya nígbà tí wọ́n ń jà fún òmìnira burú jáì, kò sí àwáwí kankan fún un, ìbànújẹ́ ńlá àti àbámọ̀ tó jinlẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ tó dáa. Àmọ́ ẹ wá "mo jẹ̀bi" nínú ẹ̀, kò sí níbẹ̀. Ẹ wá "ẹ forí jì wá", ẹ ò ní rí i.

Kenya yìí sì kì í ṣe ibi kan ṣáá fún ìdílé yẹn. Ibẹ̀ ni ìyá ẹ̀ wà ní February 1952 tí bàbá ìyá ẹ̀ fi wàjà tí ìyá ẹ̀ sì di ọbabìnrin, nínú ọdún yẹn náà, ní October, gómìnà wọn kéde pé ìlú ò fararọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kó àwọn Kikuyu lọ sí àgọ́, wọ́n ń nà wọ́n, wọ́n ń fìyà tí ẹnu ò ṣeé sọ jẹ wọ́n, lórúkọ ta ni? Lórúkọ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gorí oyè. Ó di 2013, lẹ́yìn tí àwọn arúgbó gbé wọn lọ sí kọ́ọ̀tù níbí ní London, kí ìjọba tó gbà láti san £19.9 mílíọ̀nù nítorí 5,228 èèyàn, owó lọ́yà wà nínú ẹ̀ o, ẹ lọ fi fóònù yín pín in kẹ́ ẹ wo ohun tó kan ẹnì kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ yẹn William Hague, mínísítà wọn fún ilẹ̀ òkèèrè, dìde ní pálíámẹ́ǹtì, ó ní ìjọba kábàámọ̀. Àbámọ̀ náà ṣì ni.

Kenya nìkan kọ́. Ní Barbados, November 2021, nígbà tí wọ́n ń bọ́ ìyá Charles kúrò lórí oyè ibẹ̀, Charles ní òwò ẹrú jẹ́ àbàwọ́n tí ò ní kúrò lára ìtàn àwọn. Ní Kigali ní 2022 ó ní òun ò lè fẹnu sọ bó ṣe dun òun tó. Ní Samoa ní 2024, ó ní kò sẹ́ni tó lè yí ohun tó ti kọjá padà. Ọba Philippe ti Belgium náà kọ̀wé sí Ààrẹ Congo ní June 2020, ó kábàámọ̀ tọkàntọkàn, ó tún lọ sí Kinshasa ní 2022 ó tún un sọ, bẹ́ẹ̀ ẹ̀gbọ́n bàbá ńlá ẹ̀, Leopold Kejì, kì í ṣe pé ó kàn jọba lórí Congo láti 1885 sí 1908, òun ló ni ín, bí èèyàn ṣe ń ní oko kòkó.

Àwọn tó ń gbèjà wọn ní nǹkan méjì lẹ́nu. Wọ́n ní ọba òyìnbó ò ní ẹnu ara ẹ̀, ohun tí àwọn mínísítà bá ní kó sọ ló ń sọ, àwọn mínísítà sì ń bẹ̀rù pé tí "mo jẹ̀bi" bá ti bọ́ lẹ́nu ọba, owó ló kàn. Èyí òótọ́ ni, màá padà sórí ẹ̀. Èkejì ni pé wọn ò tíì bí Charles nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, àti pé ọmọ ọdún mẹ́ta ni nígbà tí ti Kenya bẹ̀rẹ̀, kí ló fẹ́ mọ̀? Èyí ni mo fẹ́ ká jókòó tì.

Ẹ jẹ́ ká lọ sí Èkó. Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó ni mí, mi ò lè sọ̀rọ̀ ọba òyìnbó kí n má yà ní Ìdùngánrán, ààfin ọba Èkó.

November 1851, Àjàyí Crowther wà ní Windsor níwájú Queen Victoria àti ọkọ ẹ̀. Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, tó jẹ́ pé Èkó yìí gan-an ni wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀. Wọ́n ń bi í léèrè ọ̀rọ̀ Èkó, ó ń ṣàlàyé, ó tún ka Bàbá wa tí ń bẹ ní ọ̀run fún wọn ní Yorùbá, Queen ní èdè yẹn dùn létí. Kí ọdún yẹn tó parí, ọkọ̀ ogun Queen yìí náà ti wà lórí ọ̀sà Èkó, àgbá ń dún, àgídìngbì, àgídìngbì, ohun tí àwọn àgbà wa fi sọ ọ́ ní Ogun Àgídìngbì nìyẹn, àwọn míì ń pè é ní Ogun Ahóyaya. Kòsọ́kọ́ tó jẹ́ ọba Èkó nígbà yẹn sá, Ẹ̀pẹ́ ló padà fìdí kalẹ̀ sí, wọ́n sì dá Akítóyè padà sórí oyè. Wọ́n ní torí òwò ẹrú ni. Mo gbà, Kòsọ́kọ́ ń ṣòwò ẹrú, ẹni tó bá ní kò ṣe é ń tan ara ẹ̀ ni. Àmọ́ ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn ìyẹn, Kòsọ́kọ́ ò sí lórí oyè mọ́, Dòsùnmú ọmọ Akítóyè ló wà níbẹ̀, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n tún gbé ọkọ̀ ogun dé, Prometheus lorúkọ ẹ̀, wọ́n gbé ìwé síwájú ẹ̀, kó fọwọ́ sí i tàbí kí àgbá tún dún. Ó kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó di 6 August 1861, ó fọwọ́ sí i.

Ohun tó wà nínú ìwé yẹn ni pé èbúté Èkó àti erékùṣù ẹ̀ ti di ti Queen, ti àwọn àrólé ẹ̀, àti ti àwọn tó máa jẹ lẹ́yìn ẹ̀ títí ayé. Wọ́n á máa fún Dòsùnmú ní 1,200 àpò owó ẹyọ lọ́dún bíi péńṣàn. (Orúkọ ẹ̀ gan-an, wọn ò kọ ọ́ re, Docemo ni wọ́n kọ, àwọn ọmọ ẹ̀ kan ṣì ń jẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀ títí dòní, ẹ ti pàdé wọn.)

Ẹ tún gbólóhùn yẹn gbọ́: àwọn àrólé ẹ̀, títí ayé. Ta ni àrólé Victoria lónìí? Nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀, wọ́n mọ̀ ọ́n kọ, wọ́n ti fi ẹni tí wọn ò tíì bí sínú ìwé. Tó bá wá di ọjọ́ ẹ̀bi, ẹni yẹn náà ni wọ́n á ní wọn ò tíì bí, kò mọ nǹkan kan. Ṣé irú ogún bẹ́ẹ̀ wà nínú ilé yín? Nínú ilé bàbá tèmi, ẹni tó bá gba kọ́kọ́rọ́ yàrá bàbá, òun náà ni àwọn olówó bàbá máa wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀ láàárọ̀.

Ibẹ̀ ni bàbá kan tó jókòó níwájú ti já lu ọ̀rọ̀ mi, ó ní, "Ọ̀gbẹ́ni, ọba mẹ́wàá, ìgbà mẹ́wàá!" Gbọ̀ngàn pàtẹ́wọ́ fún un. Òwe gidi ni, mi ò lè purọ́, ó gún mi díẹ̀.

Mo ní bàbá, ẹ ṣeun, àmọ́ adé mélòó? Ní May 2023, nígbà tí wọ́n dé Charles ládé ní Westminster Abbey, gbogbo wa la wò ó nínú tẹlifíṣọ̀n, ẹ ṣe ráìsì níjọ́ yẹn, ẹ má sẹ́. Adé wúrà tí wọ́n gbé lé e lórí yẹn, 1661 ni wọ́n ṣe é, fún Charles Kejì. Charles Kejì yìí kan náà ló fọwọ́ sí ìwé fún kọ́ńpìnnì tó ń lọ ṣòwò ní etí òkun ilẹ̀ wa ní 1660, tó tún un ṣe ní 1672 tí wọ́n sọ ọ́ ní Royal African Company, àbúrò ẹ̀ James, Duke of York, ni olórí ẹ̀, wọ́n sì ń fi irin gbígbóná tẹ lẹ́tà orúkọ oyè ẹ̀, D àti Y, sára àwọn èèyàn tí wọ́n ń kó. Lẹ́yìn ẹ̀ lòun náà jọba. William Kẹta tó gbapò lọ́wọ́ ẹ̀ gba ṣíà £1,000 nínú kọ́ńpìnnì yẹn ní 1689, ìwé ẹ̀ wà, wọ́n gbé e jáde nínú ìwé ìròyìn ní 2023, oṣù tó ṣáájú ìwúyè yẹn gan-an. Ìgbà lè jẹ́ mẹ́wàá, ó lè jẹ́ ogún. Adé yẹn ò yí padà.

Ẹ tún wo ti àwa náà. Lọ́jọ́ ọdún, tí akígbe bá dojú kọ Kábíyèsí tó ń kì í, ṣé iṣẹ́ ọwọ́ Kábíyèsí nìkan ló ń kà ni? Ogun tí baba ńlá ẹ̀ jà kí wọ́n tó bí bàbá bàbá ẹ̀, òun ni wọ́n ń kì fún, wọ́n á ní òun ló wọ ìlú báyìí, òun ló mú ọba báyìí lẹ́rú. Kábíyèsí ọ̀hún sì lè jẹ́ ẹni tó fẹ̀yìn tì ní báǹkì, tí ò mú ju kálámù lọ láyé ẹ̀, àmọ́ ẹ ò ní gbọ́ kó sọ pé rárá o, kì í ṣèmi, wọn ò tíì bí mi. Orí ẹ̀ á wú, á ju ìrùkẹ̀rẹ̀, á ní kí wọ́n fún onílù lówó. Ó dáa bẹ́ẹ̀, bí oyè ṣe rí nìyẹn, èèyàn ń kú, ọba kì í kú. Ẹni tó bá ti gba oríkì baba ńlá ẹ̀ sọ́rùn kò lè wá ní ẹ̀gàn ẹ̀ ò kan òun.

(Ẹ jẹ́ n sọ ọ̀kan tó máa ń bí mi nínú. Nígbà tí wọ́n fòpin sí ẹrú nínú òfin 1833, £20 mílíọ̀nù ni wọ́n yà sọ́tọ̀ láti fi tu àwọn nínú, àwọn tó ni ẹrú o, ẹrú ò rí kọ́bọ̀. Ìjọba yáwó fún un, wọn ò san gbèsè ẹ̀ tán àfi 2015. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń sanwó orí nílùú yìí láti nǹkan bíi 1990, ẹ wà lára àwọn tó san án. Ẹ kú iṣẹ́.)

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pé ọba ò lẹ́nu. Òfin wọn sọ pé ọba kì í ṣẹ̀, Kábíyèsí tiwọn nìyẹn, ká bi yín ò sí. Àmọ́ Kábíyèsí tiwa náà láyé àtijọ́, Ọ̀yọ́ Mèsì, àwọn ìjòyè àgbà Ọ̀yọ́, máa ń bi í, tí ọ̀rọ̀ bá sì ti kọjá ìbéèrè, wọ́n á ní kó lọ sùn. Tí àwọn mínísítà bá fẹ́, ọba máa sọ̀rọ̀. Mo lè fi hàn yín.

New Zealand, November 1995. Queen Elizabeth wà ní Wellington, wọ́n gbé òfin kan wá fún un, irú èyí tó jẹ́ pé gómìnà àgbà ló máa ń bá a fọwọ́ sí i, òun fọwọ́ ara ẹ̀ sí i. Òfin yẹn wà fún àwọn Māori, ọmọ onílẹ̀ New Zealand, ti Waikato. Wọ́n kọ ọ́ sínú ẹ̀ pé Crown, ìyẹn adé òyìnbó, kábàámọ̀, ó sì tọrọ àforíjì láìku ẹyọ kan, nítorí ẹ̀mí tó ṣòfò nígbà tí àwọn ọmọ ogun ẹ̀ ya wọ ilẹ̀ wọn ní 1863 àti nítorí ilẹ̀ tí wọ́n gbà lẹ́yìn ẹ̀, nǹkan bíi 1.2 mílíọ̀nù éékà. Ilẹ̀ àti owó tí wọ́n dá padà tó $170 mílíọ̀nù owó New Zealand. Kò tó ohun tí wọ́n gbà, àwọn Waikato fúnra wọn mọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá sọ fún yín pé adé òyìnbó ò tọrọ àforíjì rí, ẹ ní kó lọ ka òfin yẹn.

Kí ló dé tó jẹ́ Waikato, tí kò jẹ́ Èkó, tí kò jẹ́ Kenya? Èrò tèmi ni pé àwọn Māori ní ohun tí wọ́n fi dì í mú. Wọ́n ní ìwé àdéhùn Waitangi ti 1840, wọ́n ní ìgbìmọ̀ tó ń gbọ́ ẹjọ́ ẹ̀ láti 1975, wọ́n ń dìbò níbẹ̀, Queen sì ṣì ni Queen wọn nígbà yẹn. Àwa gba òmìnira ní 1960, nígbà tó fi máa di 1963 a ti ní ààrẹ tiwa, a jó, a yọ̀, kò sẹ́ni tó rántí béèrè ìwé 1861 lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó wọkọ̀. Ẹni tó yàgbẹ́ lè gbàgbé, ẹni tó kó o ò ní gbàgbé, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń wí, àmọ́ àwa tá a kó o náà dà bíi pé a gbàgbé fún ọjọ́ díẹ̀.

Èyí tó wú mi lórí jù ni ti Willem-Alexander, ọba Netherlands. Olórí ìjọba wọn ti tọrọ àforíjì nítorí òwò ẹrú ní December 2022, àwọn èèyàn rò pé ó ti tán. Ọba wá jáde ní 1 July 2023, ní páàkì kan ní Amsterdam tí wọ́n ń pè ní Oosterpark, níwájú àwọn ọmọ Suriname àti àwọn ará erékùṣù Caribbean tí Netherlands gbà. Ó ní lónìí, èmi ọba yín, èmi fúnra mi ni mo ń tọrọ àforíjì. Ó tún lọ síwájú sí i: ó dárúkọ ìdílé ara ẹ̀, ó ní àwọn tó jẹ ṣáájú òun nínú ilé Orange rí i, wọn ò ṣe nǹkan kan, ó sì bẹ̀bẹ̀ fún ìdáríjì nítorí ìyẹn. Ní oṣù June tó ṣáájú ìyẹn ni ìwé ìwádìí kan ti sọ pé láàárín 1675 sí 1770, ohun tó wọ àpò ìdílé yẹn láti àwọn ilẹ̀ tí wọ́n gbà tó 545 mílíọ̀nù yúrò lówó òde òní. Wọn ò dá ìyẹn padà o, 200 mílíọ̀nù yúrò tí ìjọba yà sọ́tọ̀, fún ìlàlóye àti irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ni, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì bínú. Èmi náà ìbá bínú. Àmọ́ "mo jẹ̀bi" ni ọkùnrin yẹn sọ, kì í ṣe pẹ̀lẹ́. Àwọn àgbà ní ẹni tó mọ ẹjọ́ ẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀, mi ò tíì gbọ́ pé adé jábọ́ lórí ẹ̀ láti ìgbà yẹn.

Màmá kan nawọ́. Ó ní, "Ọmọ mi, o ti sọ̀rọ̀ dáadáa, àmọ́ àwọn ọba tiwa tó tà wá ńkọ́?" Gbogbo ilé dákẹ́. Mo mọ̀ pé ó máa jáde.

Mo ní màmá, ẹ jẹ́ n fi ọmọ kan dá yín lóhùn. Àìná lorúkọ ẹ̀. Ọmọ wa ni, láti Òkè-Ọ̀dàn, ogun Dahomey ló kó o ní 1848, kò ju bí ọmọ ọdún márùn-ún lọ. Ní 1850, Ọba Ghezo mú ọmọ yìí, ó fi ta Queen Victoria lọ́rẹ, bí èèyàn ṣe ń fi àgbò ránṣẹ́ lọ́jọ́ iléyá. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi kan, Forbes, ló gbà á, ó ní tóun ò bá gbà á wọ́n á pa á, ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀, ó wá fún un lórúkọ ara ẹ̀ mọ́ orúkọ ọkọ̀ ẹ̀, Sarah Forbes Bonetta. Victoria tọ́jú ẹ̀, ó rán an lọ sílé ìwé, ó di ìyá ìsàmì ọmọ tó bí. Àìná ṣègbéyàwó ní Brighton ní 1862 pẹ̀lú Davies, oníṣòwò, ọmọ Yorùbá náà ni, ó sì kú ní Madeira ní 1880. Ìtẹ́ kan kó o, ó fi í tọrẹ, ìtẹ́ kejì gba èèyàn lọ́rẹ, ó sì dúpẹ́. Èwo ló yẹ kó bẹ ìdílé ẹ̀? Èmi ní méjèèjì. Nígbà tí Kérékou, ààrẹ Benin tó jẹ́ Dahomey nígbà kan, lọ sí Baltimore ní 1999, ó kúnlẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀ṣì níwájú àwọn ọmọ tí a tà, ìyẹn sì jẹ́ ààrẹ, kì í ṣe ọba Àgbómì. Ní 2009, ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ kan nílé kọ̀wé sáwọn lọ́balọ́ba wa pé kí wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Ṣé ẹ rántí ariwo kankan tó jáde nínú ààfin? Èmi náà ò rántí. Olè méjì ló wọlé, tá a bá mú ọ̀kan, ìyẹn ò ní ká pe èkejì ní àlejò.

Màmá mi orí. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbà.

Ẹni tó béèrè kẹ́yìn ni ọ̀gbẹ́ni kan tó dé fìlà abetí ajá. Ó ní ká ní ọba wọn gbà lọ́la, tó wọ bàlúù, tó dé Èkó, ọ̀dọ̀ ta ló fẹ́ ti bẹ̀? Mo ní Ìga Ìdùngánrán. Ó ní ṣé ilé àwọn tó fọwọ́ sí i náà nìyẹn? Àwọn ọmọ Kòsọ́kọ́ tí wọ́n fi àgbá lé ńkọ́? Ẹlòmíì ní Abuja ni, òfin ò mọ ọba. Ni ìyá kan láti ẹ̀yìn bá pariwo pé ilẹ̀ yẹn kì í tilẹ̀ í ṣe ti Dòsùnmú láti fún èèyàn, ti àwọn Ìdẹ́jọ, àwọn ìjòyè onílẹ̀ Èkó, ni, ó sì jàre, torí ìyẹn ni Olóyè Olúwa, Àmọ́dù Tìjání, tòun ti Herbert Macaulay wọkọ̀ wá síbí ní 1920 láti wí, Privy Council, kọ́ọ̀tù tó ga jù fún wa nígbà yẹn, sì dá wọn láre ní 1921: ohun tí Dòsùnmú fún Queen ò mú ẹ̀tọ́ àwọn onílẹ̀ kúrò. Ìyá yẹn ní, "Nítorí náà ilé Olóyè Olúwa ló ti máa kọ́kọ́ bọ́ bàtà!" Ìdílé Ìdẹ́jọ kò kúkú jẹ́ ọ̀kan, àwọn ọmọ Oniru tó wà nínú ilé ò gbà, ó di àríyànjiyàn, mi ò lè gbọ́ ohùn ara mi mọ́.

Ọkùnrin tó ni kọ́kọ́rọ́ gbọ̀ngàn ń pa iná, ó ń tàn án. A kó àga jọ, a gbé abọ́ mọ́ínmọ́ín. Nígbà tí bọ́ọ̀sì tèmi dé, wọ́n ṣì dúró sí ìta nínú òtútù, wọ́n ń jiyàn ilé tí ọba máa kọ́kọ́ yà.